Òjé Kì í Ṣe Oje: Èrò lórí Èdè Ìròyìn Sáyẹ́ǹsì àti Bátìrì Àlòkù ní Agbègbè Ọ̀tà

Ìfáárà

Ní ọdún 1859, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí kò jọ bí ẹni pé wọ́n bá ara wọn tan. Ní ilẹ̀ Faransé, Gaston Planté ṣe bátìrì àkọ́kọ́ tí ó ṣeé tún fi iná sí nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. Òjé pẹlẹbẹ ni ó fi ṣe inú rẹ̀, ásíìdì ni ó sì rì í sí. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún kan náà, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí ó jẹ́ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọjọ́ orí bátìrì olójèé kò ju ti ìwé ìròyìn Yorùbá lọ. Síbẹ̀, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní 160 ọdún, àwọn tí ń kọ ìròyìn àti àwọn tí ń sọ èrò wọn lórí ìròyìn ní èdè Yorùbá kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ ohun tí ó wà nínú bátìrì náà. Àwọn kan ń pè é ní lẹ́ẹ̀dì, àwọn kan ń pè é ní kẹ́míkà, àwọn kan ń pè é ní májèlé, àwọn díẹ̀ ni ó sì ń pè é ní òjé.

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ lásán ni ọ̀rọ̀ náà mọ sí, à bá fi í sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọdé sì ni pẹ̀lú. Ohun tí ènìyàn kò bá lè pè ní orúkọ, yóò ṣòro fún un láti ṣọ́ra fún un.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì, ó sì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti Sàngó, tí ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gbà kọjá, títí dé Agbára ní apá kejì ìjọba ìbílẹ̀ náà, ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀: àwọn tí ń ṣe oúnjẹ, àwọn tí ń ṣe ike, àwọn tí ń ṣe oògùn, àti àwọn tí ń yọ́ irin àlòkù láti fi rọ irin tuntun. Yunifásítì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Covenant University bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2002, Bells University of Technology sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2005. Bí ilé ẹ̀kọ́ gíga àti iléru ti sún mọ́ ara wọn tó yìí, èdè kan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ kẹ́mísìrì. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ìròyìn nígbà tí wọ́n bá délé. Àárín èdè méjèèjì yìí ni alálàyé ìròyìn dúró sí. Bí ó bá ṣìnà níbi ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe òun nìkan ni yóò ṣìnà.

Ìròyìn tí ó ti Ògijo wá

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti ilé-iṣẹ́ oníwàádìí The Examination gbé ìròyìn jáde nípa Ògijo, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣàgámù, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, tí òjé náà sì ń dé òkè òkun. Ènìyàn 70 ni ó yọ̀ǹda ara wọn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹni méje ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tí ó lè pa ara lára. Ògijo kì í ṣe Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kan náà ni, irú bátìrì kan náà ni, irú ẹni kan náà ni ó sì ń rà á kiri láti ọ̀dọ̀ rewáyà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Ohun tí ará Ògijo kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ó ṣòro kí ará Sàngó tó mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í ṣe àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní ilẹ̀ Senegal, ọmọ 18 ni ó kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, nítorí òjé tí ó ti ara bátìrì àlòkù dà sínú ilẹ̀ àdúgbò wọn. Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ọmọ tí ó lé ní 400 ni ó kú. Bátìrì kọ́ ni ó fa ti ibẹ̀. Òkúta wúrà tí àwọn ará abúlé ń fọ́ tí wọ́n sì ń lọ̀ nínú agbo ilé ni òjé wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni pé erùpẹ̀ àti eruku tí ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀ ni òjé gbà dé inú ara wọn.

Irú ìròyìn báyìí ni ó ń dán alálàyé wò. Lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń yẹ ìwé ìròyìn wò láàárọ̀ kùtùkùtù a máa ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ojú, a sì máa sọ Yorùbá pẹ̀lú ẹnu, láìsí àyè láti ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò lò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ èrò tirẹ̀: yóò bá ìjọba wí, yóò bá àwọn onílé-iṣẹ́ wí, yóò sì ní kí àwọn òbí máa tọ́jú ọmọ. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìbáwí kì í dí àfo tí ọ̀rọ̀ àìyé bá fi sílẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti alálàyé nìkan. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣètò ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni kò tíì gbé ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀dì, kẹ́míkà àti òjé

Àwọn tí ó ń lo lẹ́ẹ̀dì ní àwíjàre kan: wọ́n ní òun ni àwọn tí ń fọ́ bátìrì mọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ohun ìtìjú. Bátìrì, ásíìdì àti rewáyà ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ alápapọ̀ gígùn rọ́pò wọn yóò kàn fi àkókò ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èdè tí kò ní ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó yá. Èyí tí ó ní in kò yẹ kí ó máa tọrọ.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́. Àwọn olùsìn Ọbàtálá a máa fi òjé ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ nítorí funfun rẹ̀. Àwọn apẹja a máa so ó mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Ẹni tí ó bá ti ka orí 15 Ìwé Ẹ́kísódù nínú Bíbélì Yorùbá ti pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi rírì rẹ̀ nínú omi ṣe àfiwé. Ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham tẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Olórìṣà mọ̀ ọ́n, onígbàgbọ́ mọ̀ ọ́n, apẹja mọ̀ ọ́n. Bí alálàyé bá pe òjé, kíá ni àgbàlagbà yóò rántí ohun kan tí ó ti fọwọ́ kàn rí: ohun funfun tí ó rọ̀, tí ó sì wúwo. Bí ó bá pe lẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ kò ní rántí ohunkóhun.

Àwọn kan lè ní òjé kò dá yé, pé irin funfun gbogbo ni àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Iyèméjì yìí tọ́ láti gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó ti ní ìdáhùn. Nínú Ìwé Nọ́ńbà, orí 31, níbi tí wọ́n ti ka àwọn irin tí a lè fi iná wẹ̀ mọ́, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe ọ̀kan ní tánganran, wọ́n sì pe èkejì ní òjé. Ìyàtọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó kù ni kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì dì í mú, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó tún dàrú.

Ọ̀rọ̀ náà sì lè bí ọmọ, èyí tí í ṣe àmì ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára. Bí ọ̀rẹ́ ti di ọlọ́rẹ̀ẹ́, tí òwú sì di olówùú, bẹ́ẹ̀ ni òjé di olójèé. Bátìrì olójèé, ọ̀dà olójèé, epo olójèé: kò sí ẹni tí yóò gbọ́ wọn tí kò ní mọ̀ pé ohun kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Epo ọkọ̀ olójèé ni gbogbo ayé ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún. Àlùjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ó dáwọ́ títà rẹ̀ fún ọkọ̀ dúró gbẹ̀yìn, ní ọdún 2021. Ẹni tí ó ń lo lẹ́ẹ̀dì yóò ní láti wí pé epo tí ó ní lẹ́ẹ̀dì nínú, ọ̀dà tí ó ní lẹ́ẹ̀dì nínú, títí ẹnu yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ti kẹ́míkà burú ju ti lẹ́ẹ̀dì lọ. Lẹ́ẹ̀dì kò yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ó dúró fún. Kẹ́míkà dúró fún ohun gbogbo, nítorí náà kò dúró fún ohunkóhun. Ẹni tí ó ń fọ́ bátìrì mọ ásíìdì dáadáa, nítorí pé ásíìdì ń jó aṣọ, ó sì ń jó ara lójú ẹsẹ̀. Bí alálàyé bá kìlọ̀ fún un nípa kẹ́míkà inú bátìrì, ásíìdì ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí. Yóò da ásíìdì náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra kí ó má ta sí i lára, láìmọ̀ pé òjé wà nínú ohun tí ó dà sílẹ̀ náà, lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi ọwọ́ lásán kó òjé, tí yóò sì fi ọwọ́ kan náà jẹun. Ó ti gbọ́ ìkìlọ̀, ó sì ti ṣe bí ìkìlọ̀ náà ti yé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kìlọ̀ ni ó ṣì í lọ́nà.

Òjé tí kò ní àmì ohùn

Àléébù kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn tí ó ń lo òjé gan-an. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn a máa tẹ Yorùbá láìsí àmì ohùn. Nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀, òye gbólóhùn a máa gba ònkàwé là. Níbí, kò gbà á là. Oje ni omi ara igi, oje sì ni omi inú èso. Bí wọ́n bá tẹ “oje inu eje omode” gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ònkàwé kan lè rò pé omi ọsàn ni wọ́n ń polówó fún àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Bí wọ́n bá yọ àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀jẹ̀, tí í ṣe ti eégún, náà yóò wọ inú rẹ̀. Orúkọ ìlú tí ọ̀ràn kàn pàápàá kò yọ nínú ewu yìí: Ọ̀tà ni ìlú, ọta ni ti ìbọn, ọ̀tá ni ẹni tí kò fẹ́ni fẹ́re.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni àwọn olóòtú ń dá lẹ́bi nígbà kan. Àwíjàre yẹn ti kúrò nílẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà àti fóònù òde òní lè tẹ gbogbo àmì Yorùbá. Bí ilé-iṣẹ́ ìròyìn kò bá lè fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, ó kéré tán kí ó fi sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́. Òjé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Májèlé tàbí oró?

Lẹ́yìn orúkọ irin náà ni orúkọ ohun tí ó ń ṣe ní ara. Májèlé òjé ni ó rọrùn láti sọ, ó sì ń dẹ́rù bani, èyí tí àwọn kan kà sí àǹfààní. Ṣùgbọ́n májèlé nínú ìlò Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí ẹnìkan ń fún ẹlòmíràn jẹ. Ó ní ọ̀tá nínú, ó ní òru nínú, ó ní àwo oúnjẹ nínú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọmọ kan jẹ májèlé yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ni ó fún un jẹ?” Òjé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fún ọmọ náà jẹ. Eruku ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ni ó sì fi sí ẹnu. Bàbá rẹ̀ tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó gbé e mọ́ra láìtíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, lè jẹ́ ẹni tí ó gbé eruku náà wọlé. Bí wọ́n bá pè é ní májèlé, bàbá yóò bínú pé wọ́n pe òun ní apànìyàn, kò sì ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

Májèlé a tún máa pani kíá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe ń sọ ọ́. Òjé a máa kó jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Láti inú ẹ̀jẹ̀, ó ń wọ eegun àti eyín, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ó lè ti inú eegun rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì dé ara ọmọ inú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé òjé tí ara ọmọdé ń gbà nínú ohun tí ó gbé mì lè tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún èyí tí ara àgbàlagbà ń gbà. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́ jù lára ọmọdé. Lára àgbàlagbà, a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Oró òjé ni ó bá ọ̀ràn yìí mu jù. Oró wà nínú ohun náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ejò àti àkeekèé; kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ní ìkà nínú kí oró tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òjé ní oró ti sọ irú ẹ̀dá tí òjé jẹ́, kò sì tíì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn ní àyè tirẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá mọ̀ pé oró wà nínú èéfín rẹ̀, tí kò sì wá nǹkan ṣe sí i, òfin ni yóò sọ orúkọ tí ìwà náà ń jẹ́. Àwọn ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí bátìrì ti jáde ní ọdún 2024, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Títúmọ̀ wọn sí èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń dúró de àwọn ònkàwé ìwé yìí.

Ìwọ̀n àti ìwọ̀nba

Ibi tí àlàyé sáyẹ́ǹsì ti máa ń ṣẹ́ ní Yorùbá ni ibi iye. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2021, sọ pé bí òjé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá tó máíkírógíráàmù 5 nínú désílítà kan, kí wọ́n wá ibi tí ó ti ń wá, kí wọ́n sì dí i. Alálàyé tí ó bá fo gbólóhùn yìí ti fo ọ̀rọ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì nira láti sọ. Désílítà ni ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Máíkírógíráàmù ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Àwọn àyálò méjèèjì tó láti lò, bí àlàyé bá tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀kan péré.

Ohun tí ó léwu ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó ń bá iye rìn. Bí ẹnìkan bá wí pé ìwọ̀nba òjé ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, etí Yorùbá yóò gbọ́ ìtùnú níbẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn: ìwọ̀nba ni ọlọ́gbọ́n ń jẹ, ìwọ̀nba ni ó ń sọ. Kò sí ìwọ̀nba nínú ọ̀rọ̀ òjé. Ìwọ̀n ni kí alálàyé máa lò, kí ó sì sọ iye rẹ̀. Bákan náà ni gbólóhùn tí àwọn onímọ̀ máa ń sọ, pé ìmọ̀ kò tíì fi ìwọ̀n òjé kankan hàn tí kò léwu. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ pé “àwọn onímọ̀ kò tíì mọ ìwọ̀n tí kò léwu,” yóò dà bí ẹni pé àìmọ̀ ni wọ́n ń jẹ́wọ́, pé ìwọ̀n náà wà níbì kan tí wọ́n ń wá a kiri. Èyí tí ó tọ́ ni pé, “Bí ó ti wù kí òjé kéré tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó léwu.”

Ti erùpẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2018 kó erùpẹ̀ 118 jọ láti àyíká àwọn ilé-iṣẹ́ bátìrì ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Èyí tí òjé rẹ̀ pọ̀ jù tó mílígíráàmù 140,000 nínú kílógíráàmù kan. Nọ́ńbà ńlá báyìí a máa kọjá lórí olùgbọ́ bí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wí fún un pé nínú gíráàmù 1,000 erùpẹ̀ náà, gíráàmù 140 kì í ṣe erùpẹ̀ mọ́ bí kò ṣe òjé, ìyá tí ń gbálẹ̀ yóò dúró gbọ́.

Iye tún ní ẹ̀tàn kan tí ó kan ìròyìn Ògijo fúnra rẹ̀. Ẹni méje nínú mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò kì í ṣe ẹni méje nínú mẹ́wàá gbogbo ará Ògijo. Àwọn 70 náà yọ̀ǹda ara wọn ni, wọ́n ń gbé nítòsí àwọn ilé-iṣẹ́ náà tàbí kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Alálàyé tí ó bá fi gbogbo ìlú kún un ti sọ ju ohun tí àyẹ̀wò sọ lọ, ó sì ti fún ẹni tí ó fẹ́ sẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí yóò gbà sẹ́ ẹ. Òtítọ́ tí ó wà nílẹ̀ burú tó. Kò nílò àbùmọ́.

Òkú bátìrì àti àtúnlò

Ní ọ̀dọ̀ rewáyà, bátìrì tí kò gba iná mọ́ ti kú. Òkú ọ̀rọ̀ kọ́ ni èyí. Ó yé gbogbo ènìyàn, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í bẹ̀rù pé òkú yóò ta òun bí àkeekèé. Bátìrì kú ní ti iná, kò kú ní ti oró. Ìgbà tí ó wà láàyè nínú ọkọ̀, òjé rẹ̀ wà nínú àpótí tí a pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìgbà tí ó kú tí wọ́n fọ́ ọ ni òjé jáde. Bí alálàyé bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí yóò wọ olùgbọ́ létí ní Sàngó, kò ní láti lọ jìnnà: kí ó wí pé òkú bátìrì ni ó ní oró jù.

Àtúnlò ni ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó àyíká fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tọ́ fún ìgò tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n tún bu omi sí. Wọ́n ti wá ń lò ó fún bátìrì pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí bátìrì kì í ṣe lílò lẹ́ẹ̀kejì. Fífọ́ ni, yíyọ́ ni, dídà sínú àwòdá ni. Ohun tí ó lé ní ìdajì ìwúwo bátìrì ọkọ̀ ni òjé, òjé sì ń yọ́ nígbà tí iná bá tó 327 ní ìwọ̀n Celsius, nígbà tí irin fẹ́ tó 1,538. Nítorí náà ni ènìyàn fi lè yọ́ ọ nínú ìkòkò lórí iná èédú ní ẹ̀yìnkùlé, láìní iléru, láìní ohun tí ń sẹ́ èéfín. Àtúnlò fi gbogbo èyí pamọ́ sábẹ́ orúkọ rere. Àtúnyọ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ọ̀nà tí Yorùbá gbà ṣẹ̀dá àtúnṣe àti àtúnbí náà ni ó gbà ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì fi iná àti èéfín hàn nínú orúkọ.

Kì í ṣe pé àtúnyọ́ burú. Òjé tí wọ́n yọ́ ní ibi tí èéfín rẹ̀ kò ti jáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ní ìbòmú àti ibi ìwẹ̀, sàn ju èyí tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀ lọ. Bí àwọn ilé tí ó ń lo agbára oòrùn ti ń pọ̀ sí i, bátìrì àlòkù náà yóò máa pọ̀ sí i. Ìròyìn ẹ̀rọ tuntun a máa yin agbára oòrùn, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àlàyé kò pé bí kò bá sọ ibi tí bátìrì rẹ̀ ń lọ nígbà tí ó bá kú.

Iṣẹ́ alálàyé àti iṣẹ́ olùkọ́

Ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà tí A. B. Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ìwé. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990, fi hàn pé àwọn onímọ̀ lè jókòó pọ̀ kí wọ́n sì fẹnu kò. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé yẹn dá lé. Ti ìlera àti ti ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni yóò jókòó. Kí rewáyà wà níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, kí ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣe láìsí wọn, orí ìwé ni yóò kú sí.

Ní ti alálàyé, ohun mẹ́ta ni ó jẹ olùgbọ́ rẹ̀ ní gbèsè kí ó tó sọ èrò tirẹ̀. Kí ó pe ohun náà ní orúkọ rẹ̀. Kí ó sọ iye tí wọ́n rí, àti ara ta ni wọ́n ti rí i. Kí ó sì sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe lónìí: kí òṣìṣẹ́ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó gbé ọmọ, kí wọ́n fi omi nu eruku ilé dípò kí wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a sókè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ bátìrì nínú agbo ilé, kí wọ́n gbé ọmọ tí ó ń gbé nítòsí irú ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ojú lásán kò lè rí oró òjé. Dókítà ni yóò sọ bí oògùn bá yẹ. Àgbo tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn, alálàyé kò sì gbọdọ̀ yá a ní ẹnu.

Ní ti olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó sún mọ́ ọn ju gbogbo èyí lọ. Àìsàn nínú èrò Yorùbá ní àmì: ara gbóná, ikùn ń ta, ojú pọ́n. Ọmọ tí òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó lè máa sáré, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa jẹun. Ohun tí ó lè hàn ni pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá kò dúró sí i lórí, pé kò lè jókòó sójú kan, pé ó ń rẹ̀yìn nínú ìwé. Yorùbá ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹnu olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ: olódo. Orúkọ yìí ń pa ìwádìí, nítorí pé ó fi ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ àdúgbò sí orí ọmọ. Kí olùkọ́ ní Ọ̀tà, ní Sàngó, ní Ògijo tó pe ọmọ kan bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi àwọn òbí rẹ̀, ní èdè tí yóò yé wọn: “Ṣé ẹnìkan ń yọ́ òjé nítòsí ilé yín?”